Wọ́n ní obìnrin onírun pupa kì í gbélé ọkọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Glasgow ni mo wà. Lọ́jọ́ Àjíǹde, ọmọkùnrin mi mú ọmọbìnrin ará Scotland kan wálé, irun rẹ̀ pọ́n roro. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì bá mi fọ abọ́. Àfi bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà n'Ìbàdàn ṣe rí i lórí fóònù, ó ní irun Màríà Magidalénì nìyẹn, irun aṣẹ́wó. Ó ní àjẹ́ ni wọ́n, àwọn òyìnbó fúnra wọn máa ń dáná sun wọ́n. Pé onínúfùfù ni wọ́n, wọn kì í gbélé ọkọ. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Ìyá Ọkọ-Ìyàwó.

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ṣe l'Aberdeen, ní Scotland, fún ọdún 12. Ọwọ́ mi yìí ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ tí irun wọn pọ́n bí omi tí a fi se pòròpórò ọkà bàbà. Á lẹ̀ mọ́ wọn lórí. Tí mo bá fi aṣọ nù ún tó gbẹ, á máa dán bí idẹ. Igbe tí ọmọ onírun dúdú ń ké náà ni wọ́n ń ké. Mi ò rí ìkankan tó bínú wáyé.

Ti Màríà yẹn dùn mí. Lúùkù 8:2 ní ẹ̀mí èṣù méje jáde lára rẹ̀. Bíbélì ò pè é ní aṣẹ́wó, kò sì dárúkọ irun rẹ̀ rárá. Póòpù Gregory ló wàásù ní 591, tó pa á pọ̀ mọ́ obìnrin ẹlẹ́ṣẹ̀ inú Lúùkù 7. Ó lé ní 900 ọdún lẹ́yìn ìyẹn kí Titian, ayàwòrán ará Venice, tó kun irun pupa sí i lórí. Ọkùnrin ló wàásù, ọkùnrin ló yàwòrán. Obìnrin náà ò sí níbẹ̀ láti fèsì.

Lóòótọ́, wọ́n pa èèyàn lórí àjẹ́ ní Scotland. Òfin rẹ̀ wà láti 1563 títí di 1736, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n mú. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fún lọ́rùn kí wọ́n tó sun wọ́n. Àmọ́ irun pupa kọ́ ni ẹ̀sùn wọn. Ẹ̀sùn wọn ni pé wọ́n bá Sátánì dá májẹ̀mú, pé wọ́n ṣe mààlúù aládùúgbò léṣe, pé wọ́n rán ìjì sí ọkọ̀ ọba lójú òkun.

Irun pupa fúnra rẹ̀? Oríṣi kan ni nínú jíìnì (àbùdá àjogúnbá inú ara) tí wọ́n ń pè ní MC1R, tí ọmọ sábà máa ń gbà lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Ọdún 1995 ni àwọn onímọ̀ rí i.

Èmi náà pupa láwọ̀, ìyá wa. Nígbà tí mo wọlé ọkọ, ìyàwó àgbà kan sọ lójú mi pé obìnrin pupa ò ṣeé fẹ́, àwọn ọkùnrin ò ní yéé tẹ̀ lé e. Ọdún keje ló tó jẹ ọbẹ̀ mi. Ẹkún tí mo sun nílé ìdáná nígbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ sun ún nílé yín.

Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín, kí ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ rí ọmọ náà lójúkojú. Ẹ sọ bó ṣe kúnlẹ̀, ẹ sọ ti abọ́. Tí ìgbéyàwó bá wá di ti Ìbàdàn, ẹ bá a wá akẹtẹ̀ fífẹ̀ àti ìpara oòrùn dání, torí oòrùn tètè máa ń jó awọ onírun pupa.