Ìyàwó mi bímọ l'óṣù tó kọjá, ẹkún ló ń sun ṣáá, ibo la lè lọ l'Ékòó?

Ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹkún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ sábà máa ń lọ fúnra ẹ̀, àmọ́ tiyín ti kọjá ìyẹn, tí ò bá wá lè sùn kódà nígbà tọ́mọ ń sùn, ó lè jẹ́ àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ, wọ́n sì ń tọ́jú ẹ̀. Ẹ má dúró de àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ 6, ẹ padà síbi tó bí i sí, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ọkàn ẹ̀ ni ò balẹ̀, wọ́n lè fún un ní ìbéèrè 10 tí wọ́n fi ń yẹ àìsàn yìí wò, tí wọ́n ń pè ní Edinburgh, kí wọ́n wá kọ lẹ́tà fún yín lọ LUTH (ọsibítù Yunifásítì Èkó n'Ídí-Àràbà) tàbí ọsibítù ìjọba tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ ní Yaba (bẹ́ẹ̀ ni, Yaba yẹn, kí ará àdúgbò máa sọ tiwọn). Ẹ rántí sọ fún dókítà pé ó ń fọ́mọ lọ́yàn o, oògùn tó ṣeé lò wà. Tó bá ń gbọ́ ohùn tẹ́nì kankan ò gbọ́, tàbí tó ní òun máa pa ara òun tàbí ọmọ, ẹ gbé e lọ emergency lónìí, ẹ má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀. Àìsàn yìí máa ń mú àwọn bàbá pẹ̀lú, tẹ́ ẹ bá rí i lára yín ẹ sọ.