NT-proBNP 210: ṣé ẹ̀jẹ̀ ti ń ru nínú ẹ̀dọ̀fóró àbúrò mi nìyẹn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. SS ni àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 27 ni. Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tí kò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa lẹ́ẹ̀kan kó má dúró mí. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lápá rẹ̀, 108/64 ni, wọ́n ní kò sí wàhálà. Ẹnìkan wá sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ lè máa ru nínú ẹ̀dọ̀fóró, pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tó ń fi í hàn. A lọ ṣe é, wọ́n kọ “NT-proBNP 210 pg/mL” síwèé, láàbù sì ní ó dáa torí kò tó 300. Ṣé kí ọkàn wa balẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú àbúrò yín. Nọ́ńbà yẹn kò tó ohun tí ẹ máa torí ẹ̀ pàyà, àmọ́ kì í ṣe ìwé tí ẹ máa ká sínú dúrọ́ọ̀ kí ẹ gbàgbé. Ó yẹ kí wọ́n ṣe ẹ́kò, ìyẹn síkáànù ọkàn, fún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ti 108/64 kúrò ńlẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń dè mọ́ apá kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀dọ̀fóró. Ìhà òsì ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, òun ni ẹ̀rọ yẹn ń wọ̀n. Ìhà ọ̀tún ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ojú ọ̀nà tibẹ̀ máa ń rọ̀, ìpíndọ́gba ìfúnpá ibẹ̀ sábà máa ń wà ní bíi 14 lára ẹni tí ara rẹ̀ le. Tó bá ti kọjá 20, ẹ̀jẹ̀ ti ń ru nínú ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn, bí ti apá tiẹ̀ dára. Lára ẹni tó jẹ́ SS, sẹ́ẹ̀lì pupa máa ń fọ́ kó tó dọjọ́. Hẹmogilóbíìnù tó dà jáde látinú wọn á máa mu náítíríìkì ọ́sáìdì gbẹ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ló ń mú kí òpójẹ̀ rọ̀ kó sì fẹ̀. Bó bá ti ń dín kù, òpójẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró á máa fún.

Kí wá ni NT-proBNP? Ọkàn ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró. Bí iṣan ọkàn bá ń nà ju bó ṣe yẹ lọ, ó máa ń tú èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń là sí méjì: BNP ni ọ̀kan, NT-proBNP ni ìkejì. (Ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ní Japan ti kọ́kọ́ rí BNP lọ́dún 1988, ìdí tí wọ́n fi fi orúkọ ọpọlọ pè é nìyẹn, àmọ́ inú ọkàn ló ti ń wá jù.) Ọkàn lè máa nà torí pé ó ń ti ẹ̀jẹ̀ gba ọ̀nà tó ti fún nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó sì lè jẹ́ ìhà òsì ló ti rẹ̀. Ó lè jẹ́ kíndìnrín ni kò gbá èròjà náà dànù mọ́, tó fi ń wọ́ jọ. Ara tó sanra máa ń jẹ́ kí nọ́ńbà náà kéré, àìsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sì lè má gbé e sókè rárá. Títí di òní, kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tó lè dá sọ pé ẹ̀dọ̀fóró ni.

Ibi tí láàbù ti ṣì yín lọ́nà ni 300. Gbèdéke 300 wà fún ẹni tí wọ́n gbé dé pàjáwìrì tí kò lè mí, láti mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ kọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Fún ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé ìwòsàn, 125 ni ọ̀pọ̀ ń lò. Fún àgbàlagbà tó jẹ́ SS, 160 ni ẹ máa wò: ìwádìí tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2006 fi hàn pé àwọn tó tó 160 tàbí tó jù ú lọ wà nínú ewu ikú ju àwọn yòókù lọ. Àbúrò yín ti kọjá ibẹ̀, àtẹ̀gùn sì ń dá a dúró.

Ẹ tún ìwé yẹn wò dáadáa. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sẹ́yìn nọ́ńbà ṣe pàtàkì: pg/mL àti ng/L kò yàtọ̀ síra, àmọ́ bí láàbù mìíràn bá kọ 25 pmol/L, ohun kan náà ni pẹ̀lú 210 yín, torí ẹ máa sọ ọ́ di ìlọ́po 8.5 ni. Ẹ má sì fi BNP wé NT-proBNP láé. NT-proBNP kì í tètè bàjẹ́ nínú ìgò. BNP ní tiẹ̀ ń fẹ́ ìgò oníke olómorí elése àlùkò, kí wọ́n sì yára ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí ọlọ́kadà bá fi gbogbo ọ̀sán gbé e kiri nínú oòrùn, nọ́ńbà á wálẹ̀, ẹ ó sì rò pé ara ti ń yá. Bí ẹ bá máa tún un ṣe, láàbù kan náà, àyẹ̀wò kan náà, nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀. Kì í ṣe nínú kíráísìsì, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára.

Kí wọ́n tó tún fi abẹ́rẹ́ gún un, ẹ bèèrè PCV rẹ̀, ìyẹn ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èyí gan-an ni mo kà sí jù. Bí ó bá máa ń wà ní 24 tẹ́lẹ̀ tó ti já sí 17, òun nìkan tó láti mú un mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì tó láti gbé NT-proBNP sókè. Kí wọ́n fi LDH, bilirubin àti retikulósáìtì kún un, kí a lè mọ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń fọ́ tó. Creatinine wà níbẹ̀ fún kíndìnrín, ṣùgbọ́n ó máa ń dà bíi pé ó dára lára SS kódà nígbà tí kíndìnrín ti ń bàjẹ́, nítorí náà kí wọ́n yẹ purotéènì inú ìtọ̀ wò pẹ̀lú. HIV, ẹ̀dọ̀ àti táíróìdì náà yẹ ní wíwò, torí àìsàn wọn lè wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má náwó sórí D-dimer, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan, láti fi wá ẹ̀jẹ̀ dídì tó ti pẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Síkáànù V/Q, èyí tó ń fi ibi tí afẹ́fẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ ń dé nínú ẹ̀dọ̀fóró hàn, ló ń wá ìyẹn.

Ní ti ẹ́kò, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n kọ TRV síwèé. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ máa ń jò padà gba ilẹ̀kùn tó wà láàárín yàrá méjì ìhà ọ̀tún ọkàn, eré tí ìjò yẹn ń sá ni TRV. Tó bá jẹ́ 2.5 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 2.5 lọ́nà 2.5 lọ́nà 4 jẹ́ 25, ìyẹn ni ìyàtọ̀ ìfúnpá láàárín yàrá méjèèjì. Síbẹ̀, ẹ́kò máa ń pariwo ju bó ṣe yẹ. Nínú ìwádìí kan nílẹ̀ Faransé tó jáde lọ́dún 2011, wọ́n ti ọ̀pá róbà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú òpójẹ̀ dé ọkàn àwọn SS 96 tí TRV wọn tó 2.5. Àwọn 24 péré ni ẹ̀jẹ̀ ń ru nínú ẹ̀dọ̀fóró wọn lóòótọ́. Ọ̀pá yẹn ló ń parí ẹjọ́. Ó tún ń wọn ìfúnpá tó ń bọ̀ láti ìhà òsì: bí ìyẹn bá ju 15 lọ, ọkàn fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó fà á, ìtọ́jú rẹ̀ á sì yàtọ̀.

Ẹ má ra sildenafil fún un ní kẹ́míìsì o, ìyẹn oògùn inú Viagra, bí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ sọ pé òun ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n dán an wò lára àwọn SS ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì dá ìdánwò náà dúró lọ́dún 2009 kó tó parí, torí ìrora ń gbé àwọn tó ń lò ó dé ilé ìwòsàn ju àwọn tí kò lò ó lọ. Hydroxyurea, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn SS, ni kí ẹ bá dókítà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sọ, bí kò bá tíì máa lò ó. Bí ó bá sì dákú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tàbí tí àyà bá ń dùn ún pẹ̀lú ibà, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún ẹ́kò. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí pàjáwìrì.