Ọmọ mi fẹ́ ṣe Ọya lórí ìtàgé

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Houston:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún, ọdún yìí ló máa jáde ní háísíkù. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lèmi àti bàbá rẹ̀ ń fọkàn sí, àfi bó ṣe ní tíátà lòun fẹ́ kọ́ ní fásitì. Tíṣà rẹ̀ fún un ní ìwé eré kan tó máa ti inú rẹ̀ mú ọ̀rọ̀ tó máa fi dánwò wọlé. Mo ṣí i wò: Oya, Shango, Elegba, Egungun! Ẹni tó kọ ọ́ kì í sì í ṣe ọmọ Yorùbá, Tarell Alvin McCraney lorúkọ rẹ̀. Bàbá ọmọ mi, tó jẹ́ díákónì, ní kí ìwé náà jáde nílé òun. Ta lọkùnrin yìí? Kí ló ń fi orúkọ òrìṣà wa ṣe? Ṣé èèyàn tiẹ̀ ń rí jẹ nídìí irú iṣẹ́ yìí?

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní London:

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ bá mi bẹ díákónì kí ìwé náà ṣì wà nílé ná. Ọmọ tèmi náà kọ́ tíátà níbí, òun ló jẹ́ kí n mọ iṣẹ́ McCraney.

Ọmọ Amẹ́ríkà pọ́ńbélé ni. Liberty City ní Miami ni wọ́n ti bí i ní 1980, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú tí ìṣẹ́ ti bá fínra. Oògùn olóró gba ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, òun tó jẹ́ àkọ́bí ló sì ń mójú tó àwọn àbúrò rẹ̀. Éèdì ló pa ìyá náà nígbẹ̀yìn, nígbà tí ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lógún ọdún.

Kó tó di òǹkọ̀wé rárá, òṣèré ni. Ní Miami, ó bá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan ṣeré lábẹ́ Teo Castellanos. Ọ̀rọ̀ oògùn olóró ni wọ́n ń fi eré sọ, wọ́n sì ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí oògùn ti mú. Ẹ rò ó wò, ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà nínú ìṣòro yẹn gan-an. Lẹ́yìn náà ló lọ kọ́ eré ṣíṣe ní fásitì DePaul ní Chicago, ó gboyè, ó tún lọ kọ́ eré kíkọ ní Yale, ó sì parí ní 2007. Yale yẹn náà ló ti ṣe olùrànlọ́wọ́ fún August Wilson, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé eré aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n ń gbé eré rẹ̀ Radio Golf jáde ní 2005, ọdún tí Wilson kú. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìwé ẹ̀rí (èmi náà fẹ́ràn rẹ̀ o), ẹ rí i pé ọkùnrin yìí kàwé.

Ní ti orúkọ òrìṣà: ó kọ eré mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn, àpapọ̀ orúkọ wọn ni The Brother/Sister Plays. Ìlú kan tó fọkàn ara rẹ̀ dá, San Pere ní Louisiana, ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbébẹ̀ ló ń jẹ́ orúkọ àwọn òrìṣà wa. Mo wo ọ̀kan nínú wọn, The Brothers Size, ní ilé eré Young Vic ní London níbí, nítòsí Waterloo, ní 2018. Òṣèré mẹ́ta péré. Kò sí àga, kò sí tábìlì, kò sí aṣọ ìkélé. Wọ́n fi ẹfun fa òbìrípo kan sílẹ̀, àwa òǹwòran sì jókòó yí wọn ká. Òṣèré á kọjú sí wa, á ní, “Ògún Size wọlé,” kó tó wá wọlé. Ohun tó yẹ kí òǹkàwé nìkan rí nínú ìwé, pé lágbájá mí kanlẹ̀, pé tàmẹ̀dù rẹ́rìn-ín, ẹnu ara wọn ni wọ́n fi ń sọ ọ́ fún wa, bí ìgbà tí ìyá àgbà ń pa àlọ́ tó sì ń ṣe ìjàpá fúnra rẹ̀.

Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tí Ògún ń ṣe níbẹ̀? Mẹkáníìkì. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún mọ́tò ṣe. Èmi nìkan ni mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín ní ìlà tí mo jókòó sí, àwọn òyìnbó ń wò mí. Àbúrò rẹ̀, Oshoosi, ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀wọ̀n dé, kò sì fẹ́ jí lọ síbi iṣẹ́. Ògún ń jí i, ó ń bú u, ó ń bẹ̀ ẹ́. Elegba tí wọ́n jọ wà lẹ́wọ̀n ló wá gbé mọ́tò fún un, inú mọ́tò náà sì ni wàhálà wà. Bí Èṣù ti í rí náà nìyẹn, ẹni tó ń dúró ní oríta. Lọ́dọ̀ wa, ọdẹ ni Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Ní Cuba, wọ́n tún so ó mọ́ ìdájọ́ àti ọgbà ẹ̀wọ̀n, àwọn ará Cuba sì kún Miami fọ́fọ́. Ọ̀nà tí orúkọ baba wa gbà dé Louisiana inú ìwé yẹn kò ṣókùnkùn sí mi: ọkọ̀ ẹrú ló kó wọn dé ẹ̀yìn odò.

Ẹnikẹ́ni ò bọ òrìṣà nínú eré náà, àbúrò mi. Orúkọ ló mú, ìwà ló mú, ó fi wọ àwọn èèyàn tí ayé ń fojú tín-ín-rín. Kí díákónì rántí pé Hubert Ogunde, bàbá tíátà wa, eré Bíbélì ló kọ́kọ́ ṣe fún ìjọ Aládùúrà ní Èkó ní 1944. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni tíátà tiwa náà ti gbẹ́sẹ̀. (Ẹ má tíì sọ fún un pé oníṣọ́ọ̀bù kan wà nínú ìwé náà tó ń jẹ́ O Li Roon. Ẹ jẹ́ kó jẹun ná.)

Eré tí wọ́n fún ọmọ yín, In the Red and Brown Water ni. Ọmọbìnrin tó mọ eré ìje sá ni Oya. Fásitì fẹ́ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí eré sísá yẹn, ṣùgbọ́n àárẹ̀ ń ṣe ìyá rẹ̀, Mama Moja, ó ní òun ò lè fi ìyá òun sílẹ̀. Ìyá kú, àyè yẹn sì ti bọ́. Shango tí ẹwà rẹ̀ ń pa obìnrin gba ọkàn rẹ̀. Ogun tó ń kólòlò fẹ́ ẹ tọkàntọkàn. Oya ò sì rí ọmọ bí. Nígbà tó gbọ́ pé ẹlòmíràn ti lóyún fún Shango, ó gé etí ara rẹ̀ fún un.

Ibí yìí ni mo ti bá McCraney jà. Ọbà ló gé etí sínú ọbẹ̀ fún Ṣàngó, kì í ṣe Ọya! Ọya tí wọ́n kì fún wa, ẹ̀fúùfù lẹ̀lẹ̀ tó ń dá igi lókè, kì í ṣe ẹni tó máa fi ọ̀bẹ kan ara rẹ̀ nítorí ọkùnrin. Ó kó ìtàn ìyàwó méjì lé orí ẹnì kan. Lórí ìtàgé ó dun èèyàn wọ egungun, mi ò lè purọ́, àmọ́ mi ò gbà á fún un. Ẹ sọ ìtàn Ọbà fún ọmọ yín kó tó lọ dánwò. Bí wọ́n bá bi í léèrè ohun tó rò nípa Oya, ó ní ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ tó máa wà ní yàrá yẹn kò ní.

Ohun kan wà tí mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin ni McCraney, kò fi bò rárá, ó sì wà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Èébú àti ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ wà nínú àwọn eré yìí náà. Kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi sàn ju kí ẹ bá a pàdé lójijì. Ẹ ka ìwé náà pẹ̀lú ọmọ, kí ẹ jọ sọ ọ́.

Àwọn èèyàn mọ McCraney jù nítorí fíìmù Moonlight. Lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀ ló kọ ìtàn náà, ó sì wà nílẹ̀ bí ọdún mẹ́wàá kí Barry Jenkins, tó darí fíìmù náà, tó rí i, ọmọ Liberty City bíi tirẹ̀, tí oògùn mú ìyá òun náà. Ní 2017, àwọn méjèèjì jọ gba Oscar fún kíkọ rẹ̀, fíìmù náà sì gba èyí tó ga jù lọ, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣèèṣì pe orúkọ fíìmù mìíràn.

Ní ti oúnjẹ: àjọ MacArthur fún un ní ẹ̀bùn 625,000 dọ́là ní 2013, wọ́n pín in sórí ọdún márùn-ún. Ilé eré Royal Court níbí ló ti kọ́kọ́ ṣe eré rẹ̀ Choir Boy ní 2012, ó dé Broadway ní 2019. Ní ọdún kan náà ló tún bọ́ sórí ìtàgé Steppenwolf ní Chicago fúnra rẹ̀, nínú eré tí òun àti Tina Landau jọ kọ. Yale ní kó wá jẹ́ olórí ẹ̀ka eré kíkọ ní 2017. Láti 2023 ló ti ń darí iṣẹ́ ọnà ní ilé eré Geffen Playhouse ní Los Angeles. Àmọ́ ẹ má fi tirẹ̀ díwọ̀n. Ọ̀pọ̀ òṣèré ló ń gbé abọ́ nílé oúnjẹ láàárín eré kan sí èkejì. Ọmọ tèmi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní dírámà ní Sátidé, ibẹ̀ ni owó ilé rẹ̀ ti ń wá.

Nítorí náà, kó lọ dánwò, ṣùgbọ́n ẹ béèrè iye tí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan máa gbà àti iye tí wọ́n máa fi ràn án lọ́wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Gbèsè ló ń lé àwọn ọmọ kúrò nídìí iṣẹ́ yìí. Bí ó bá sì jẹ́ Chicago ni wọ́n ti gbà á, ẹ tètè ra kóòtù tó nípọn. Ọmọ Houston ò mọ òtútù.