Ṣé lóòótọ́ ni ẹni tí òkúta ya lù lẹ́nu iṣẹ́ kò ní owó gbà-má-bínú?

Ìbéèrè: Àsàláámù aléékúmù, Àáfà wa. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lẹ́yìn ìlú Abẹ́òkúta níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lóṣù tó kọjá, àpáta ya lu ọ̀rẹ́ mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. A bẹ Alhaji tó ni ibi iṣẹ́ pé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì ra akoto àti ìbòmú fún wa. Àáfà tó máa ń ṣàdúà fún wọn ní Ànábì ti sọ pé ibi ìwakùsà kò ní owó ẹ̀jẹ̀, pé ìjọba ló ni ààbò òṣìṣẹ́, àti pé tírà tí òun gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ti tó. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní mọ́sáláṣí wa tún ní háráámù ni owó tí àjọ ìjọba ń san fún ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, pé bíi tẹ́tẹ́ ló rí. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Wà aléékúmù sàláámù. Kí Ọlọ́hun wo ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ yín sàn. Ẹ bá mi kí i.

Hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì tí àáfà yẹn mú wá, ló dùn mí jù, òun ni mo máa kọ́kọ́ mú. Hádíìsì náà wà, ó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bukhari àti Muslim, àwọn onímọ̀ méjì tó kó hádíìsì jọ, gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayrah pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé: ohun tí ẹran bá ṣe, jubār ni, kànga, jubār ni, ibi ìwakùsà, jubār ni. Jubār ni ohun tí kò ní gbà-má-bínú. Àáfà yẹn ka ibẹ̀, ó sì pa ìwé dé.

Imam Malik, tí àwa nílẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé ọ̀nà rẹ̀, kò pa á dé. Ó kó hádíìsì yìí sínú ìwé rẹ̀, Muwatta, ó sì ṣàlàyé ẹ̀: ẹni tó ń fa ẹran, ẹni tó ń dà á àti ẹni tó gùn ún ló máa san ohun tó bá bà jẹ́, àyàfi tí ẹran bá ṣàdédé ta ìpá láìsí ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó gbẹ́ kànga sójú ọ̀nà àwọn Mùsùlùmí níbi tí kò lẹ́tọ̀ọ́, á san. Ó tún ní bí ènìyàn bá rán ọmọdé wọ kànga tàbí ó ní kó gun ọ̀pẹ, tí ọmọ náà sì kú, ẹni tó rán an ló jẹ gbèsè rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ibi tí kò sí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni ni jubār wà. Bí Alhaji bá ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ, tí àpáta ṣàdédé yọ̀, kádàrá nìyẹn.

Mo mọ̀ pé wọ́n á ní ọmọdé ni Malik dárúkọ, pé àgbàlagbà tó gba iṣẹ́ mọ ohun tó gbà. Ẹ̀yin gbà láti fọ́ òkúta. Ẹ ò gbà kí wọ́n rán yín sábẹ́ àpáta tí wọ́n ti gbẹ́ ìdí rẹ̀, tí wọ́n sì mọ̀ pé ó ti ń là. Ẹni tó mọ̀ tó tún ránni lọ, ó ti jẹ̀bi, kó má fi orúkọ Ànábì bo ara rẹ̀. Eruku òkúta náà kò yàtọ̀: díẹ̀díẹ̀ ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó hàn, ìgbà yẹn ni wọ́n á ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ló ti kó o.

Ti tírà. Imam Ahmad gba hádíìsì kan wá pé ẹni tó bá so oògùn ìṣọ́ra kọ́ ti ṣẹbọ. Àwọn onímọ̀ yapa lórí èyí tó jẹ́ kìkì Àlùkùránì, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní kó rọ́pò akoto. Akoto irin ló wà lórí Ànábì fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tó wọ Mẹ́kà, Anas ló ròyìn rẹ̀. Ta ló gbára lé Ọlọ́hun jù ú lọ? Nínú ìrun pàápàá, Ọlọ́hun ní kí àwọn tó wà lójú ogun mú ohun ìjà wọn dání kí wọ́n sì ṣọ́ra, Súúrátu Nísáì ẹsẹ 102. Àwọn baba wa tó sá dé ibí ní 1830 wọ abẹ́ Olúmọ lọ. Wọn ò dúró síta gbangba kí wọ́n ní àdúà ti tó.

Ti ìjọba, Ànábì ní olùṣọ́ ni gbogbo yín, a ó sì bi kálukú nípa ohun tó ń ṣọ́. Pé ìjọba jẹ́ olùṣọ́ kò bọ́ ti Alhaji lọ́rùn rẹ̀. Òfin ọdún 2010 lórí òṣìṣẹ́ tó fara pa sọ pé kí ẹni tó gbani síṣẹ́ máa san náírà 1 nínú 100 owó oṣù fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó fún òṣìṣẹ́ tó fara pa, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. Ọwọ́ Alhaji ni owó tí wọ́n ń pè ní ti ìjọba ti ń wá. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń san án.

Kí àwọn ọ̀dọ́ yẹn sì rọra. Ẹni tó ta tẹ́tẹ́ ló fi owó sílẹ̀; ọ̀rẹ́ yín kò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ tó bá iṣẹ́ rẹ̀ wá ni, mo sì rí i ní hàláálì.

Ẹ mú ìwé ilé ìwòsàn, kí àgbà méjì nínú mọ́sáláṣí bá yín dé ọ̀dọ̀ Alhaji. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ lọ sí ọ́fíìsì NSITF. Ìyẹn kì í ṣe ìdàlẹ̀: Ànábì ní ká ran ọmọ ìyá wa tó ń ṣàbòsí lọ́wọ́, ìyẹn ni pé ká dì í lọ́wọ́ mú. Kí akoto tó dé, ẹ má padà sábẹ́ àpáta yẹn. Mo mọ̀ pé oúnjẹ ọmọ wà níbẹ̀, kò rọrùn.

Ẹ sọ fún Alhaji pé èmi ni mo ní kí ẹ wá. Bí wọ́n bá fẹ́ rí mi, mo máa ń wà ní mọ́sáláṣí lẹ́yìn Alásárì.