Ìyà òṣìṣẹ́ Rọ́ṣíà ti wà kí rúbù tó já wálẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá jíjá tí rúbù, owó Rọ́ṣíà, já wálẹ̀ ní 1998 ló pa òṣìṣẹ́ Rọ́ṣíà lẹ́kún. Rárá o, ẹkún ọ̀hún ti pẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti ń jẹ wọ́n ní gbèsè owó oṣù ṣáájú. Ọjà tí àwọn mìíràn fọwọ́ ara wọn ṣe ni wọ́n kó fún wọn dípò owó! Lóṣù karùn-ún ọdún náà, àwọn tó ń wa èédú dí ojú irin rélùwéè pa. Nígbà tó yá, wọ́n wá ń fi akoto iṣẹ́ wọn lulẹ̀ gbàgbàgbà ní Mọ́síkò, olú ìlú Rọ́ṣíà, láti fi ẹ̀hónú hàn.

Ní 17 oṣù kẹjọ ni ìjọba kéde pé òun ò san gbèsè abẹ́lé mọ́. Dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bíi rúbù 6 ti kọjá 20 kọ́dún tó parí. Ọjà òkèèrè gbówó lórí, ilé iṣẹ́ abẹ́lé wá rọ́jà tà.