Ilé Ọba Tó Jó: Kí Ló Kan Eré Ìparun Ayé?

Àlàyé kan tí mo gbọ́ lórí rédíò ń bí mi nínú títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọkùnrin kan ń túmọ̀ òwe "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Ó ní ohun tó túmọ̀ sí ni pé olówó kì í pàdánù, pé bí ilé ọlọ́rọ̀ bá jó, owó rẹ̀ á kọ́ èyí tó dára jù ú lọ. Àwọn tó jókòó tì í ń sọ pé òótọ́ ni. Òótọ́ wo? Ta ló kọ́ wọn ní òwe?

Ìyẹn ló jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn ìyá kan ní Yábàá tó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń jókòó yí tábìlì ká lálẹ́ Sátidé, wọ́n á máa ju dáìsì, wọ́n á máa ṣe bí ẹni pé ayé ti parun, tó jẹ́ àwọn nìkan ló ṣẹ́kù. Ó bi mí pé ṣé wọn kò máa fi ẹnu ara wọn pe ibi wálé, pé níbo ni irú eré bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀, àti pé ṣé Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kankan lórí rẹ̀. Mà á, ẹ fọkàn balẹ̀. Òwe tí ọkùnrin yẹn bà jẹ́ gan-an ni ìdáhùn yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó ti ṣẹ̀. Ní 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Ẹnìkan ń darí ìtàn, àwọn tó kù gba ipa akọni, dáìsì ló ń sọ bóyá ohun tí wọ́n dáwọ́ lé yóò yọrí. Ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́, TSR, tún gbé Metamorphosis Alpha tí James Ward kọ jáde ní 1976. Ọkọ̀ ńlá kan tó ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀ ni ìtàn rẹ̀ dá lé: ìtànṣán olóró pa ọ̀pọ̀ èrò inú rẹ̀, àwọn ìran tó tẹ̀ lé e kò sì mọ̀ mọ́ pé inú ọkọ̀ ni àwọn wà. Ní 1978, Ward àti Gary Jaquet gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wá sórí ilẹ̀ ayé nínú Gamma World. Níbẹ̀, èèyàn lè rí ohun èlò tí àwọn ará àtijọ́ fi sílẹ̀ kó má mọ ìlò rẹ̀, dáìsì ni yóò fi wádìí rẹ̀, nǹkan náà sì lè ṣe é léṣe kó tó mọ̀ ọ́n. The Morrow Project tẹ̀ lé e ní 1980, Aftermath! ní 1981. Ní 1984, tí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ń kó bọ́ǹbù jọ dojú kọ ara wọn, Twilight: 2000 jáde, ìtàn àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ogun tú ká sí ilẹ̀ Pólándì. N kò ní pẹ́ lórí àwọn wọ̀nyẹn. Ẹ̀rù àkókò wọn ni wọ́n fi ṣeré, ó sì yé mi.

Ó wá ku òwe. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, iná jó ilé kan ní àgbàlá wa, ilé àtijọ́ tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Kí ọjọ́ tó lọ jìnnà, káfíńtà kan ní òpópónà kejì ti gbé pákó wá, kò gba kọ́bọ̀. Àwọn obìnrin ọjà ń ru iyanrìn. Àwọn ọ̀dọ́ ń po símẹ́ǹtì láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́. Alájì kan fi ilẹ̀kùn méjì ta wọ́n lọ́rẹ. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, ilé náà ní fèrèsé níbi tí kò ti ní in rí. Ìyá bàbá mi dúró níwájú rẹ̀, ó pa òwe yẹn, ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé o rí i? Iná kọ́ ló bù ú sí i o."

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ìdí tí òwe fi pe ilé náà ní ilé ọba ni pé láyé àtijọ́, gbogbo ìlú ló ń kọ́ ààfin. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní apá tirẹ̀ tí yóò mọ, tí yóò bò. Bí ààfin bá jó, ẹrù gbogbo èèyàn ni. Ọwọ́ tó pọ̀ ló bu ẹwà sí i, owó ẹyọ ẹnìkan kọ́. Ẹ wo Èkó fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1851, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì yin ìbọn ńlá lu ìlú yìí, ogun tí àwọn bàbá wa ń pè ní Ogun Àgídíngbì. Iná ran apá púpọ̀, Kòsọ́kọ́ tó jẹ́ ọba Èkó sá lọ, Akítóyè tí wọ́n ti lé kúrò tẹ́lẹ̀ padà sórí oyè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Sàró, àwọn ẹrú tó gba òmìnira àti àwọn ọmọ wọn tó ti Sierra Leone padà, wá tẹ̀dó sí Olówógbówó, tí àwọn Àgùdà tó ń ti Bùràsíìlì bọ̀ sì pọ̀ sí i ní Pópó Àgùdà, pẹ̀lú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n fi bu ẹwà sí ìlú tó jó. Àwọn ilé wọn tó kù ni a ń wó lulẹ̀ báyìí kí a lè fi ṣọ́ọ̀bù rọ́pò. Ó dùn mí gan-an. Àwọn ọmọ wa mọ gbogbo òpópónà ìlú tí kò sí rí nínú géèmù, ẹ bi wọ́n ní ibi tí Pópó Àgùdà wà, wọn á máa wò yín.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé àwọn eré tó dé lẹ́yìn ló mọ òwe wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ṣe wọ́n kò gbọ́ ọ rí. Nínú Apocalypse World tí Vincent Baker gbé jáde ní 2010, ìwé náà kò tiẹ̀ sọ ohun tó ba ayé jẹ́. Dáìsì méjì ni wọ́n ń jù. Bí àròpọ̀ bá tó 10, ó bọ́ sí i. Láti 7 sí 9, ó bọ́ sí i ṣùgbọ́n wàá san nǹkan kan. 6 sí ìsàlẹ̀, wàhálà dé. Ẹni tó ń ṣe olórí ibùdó níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí àwọn èèyàn rẹ̀ yóò jẹ.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni Mutant: Year Zero, tí Free League ti ilẹ̀ Sweden gbé jáde ní 2014, tó sì ní gbòǹgbò nínú eré Mutant tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1984. Àwọn tó ṣẹ́kù ń gbé ibùdó kan. Wọn kò lè bímọ, àgbà kan ṣoṣo ló kù fún wọn. Àwa tí a ń sọ pé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò, a mọ bí ìyẹn ṣe burú tó. Kí ni wọ́n wá ń ṣe? Wọ́n ń pe ìpàdé. Wọ́n jọ ń yan iṣẹ́ tí ìlú yóò dáwọ́ lé, bóyá oko ni, bóyá odi ni, wọ́n sì ń ka bí oúnjẹ, àṣà, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ogun jíjà wọn ṣe ń lọ sókè. Àṣà, mà á! Wọ́n fi í sí ẹ̀gbẹ́ oúnjẹ. Ilé ọba tó jó gan-an nìyẹn, tí gbogbo ìlú ń kọ́.

Ní ti pé wọ́n ń pe ibi wálé: mélòó nínú àlọ́ Ìjàpá tí a gbọ́ lábẹ́ òṣùpá ni kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyàn tó mú ní ìlú, tí ewé rọ, tí odò gbẹ? A jókòó, a gbe orin, a ṣe ohùn ẹranko, kò sẹ́ni tó sọ pé a ń fa ìyàn wọlé. Ẹni tó ní eré ọmọ yín lòdì sí àṣà kò mọ àlọ́.

Nítorí náà, ẹ fi í sílẹ̀ kó ṣeré. Ẹ kàn sọ fún un pé kí wọ́n gbé ibùdó yẹn wá sí Erékùṣù Èkó, kí wọ́n jókòó rò ó: bí afárá bá wó, níbo ni omi mímu yóò ti wá, ta ni yóò máa tu ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀bùté Mẹ́ta? Bí wọ́n bá ń wá orúkọ àdúgbò, Ìdúmàgbò wà, Ọ̀fin wà, Òkè Pópó àti Ìsàlẹ̀ Gàngàn wà. Kí wọ́n wá bi mí, mo ní ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́wọ́.