Kí ẹ tó ra ọwọ́ bíréèkì tuntun: rọ́bà inú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀gbọ́n wa tí ó ń gbé ní Sùúrùlérè béèrè pé bíréèkì iwájú kẹ̀kẹ́ òun, irú èyí tí ó ń fi òróró ti pádì mọ́ dísìkì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Bí wọ́n bá fún ọwọ́ bíréèkì náà, ó máa ń kọ́kọ́ le, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá tú u sílẹ̀, yóò máa rọra rì títí yóò fi kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibì kankan tí òróró ti ń jò síta. Mẹkáníìkì méjì ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kò gbọ́, wọ́n sì ní kí wọ́n lọ ra òmíràn. Ìbéèrè wọn ni pé ṣé a lè tú ọwọ́ bíréèkì náà kí a tún inú rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀gbọ́n, a lè tún un ṣe. Mo ti tú mẹ́rin palẹ̀ nínú yàrá mi ní Èbúté-Mẹ́ta. Mo ba méjì àkọ́kọ́ jẹ́, méjì tí ó kẹ́yìn sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ohun tí ó ba méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù lọ, nítorí pé títú rẹ̀ kò nira; ọ̀rọ̀ rọ́bà ni.

Afẹ́fẹ́ kọ́ ni ó ń ṣe tiyín. Bí afẹ́fẹ́ bá wà nínú òróró, ọwọ́ bíréèkì yóò ti rọ̀ bíi kànìnkànìn láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹ bá sì ń fún un léraléra, yóò máa le sí i. Èyí tí ó kọ́kọ́ le dáadáa kí ó tó rì, tí ojú hóòsì gbẹ, tí ẹ̀gbẹ́ pádì náà sì gbẹ, rọ́bà tí ó wà níwájú pístìnì ni kò dí ọ̀nà mọ́, tí òróró sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sá padà sẹ́yìn. Kí ó lè dá yín lójú, ẹ fún un kí ẹ sì dì í mú fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ẹ wá fi bébà funfun nu gbogbo oríkèé hóòsì. Bí bébà náà kò bá rin, ẹ ti mọ ibi tí àìsàn náà wà.

Nínú ọwọ́ bíréèkì, pístìnì kékeré kan wà tí fífẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 10, rọ́bà méjì sì wà lára rẹ̀. Ti iwájú ni ó ń ti òróró lọ. Ti ẹ̀yìn ni kò jẹ́ kí òróró jò sí ìka yín. Ìkòkò òróró kékeré wà lókè, ihò tíńtín kan sì so ìkòkò náà pọ̀ mọ́ ibi tí pístìnì ń gbà. Ihò yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ sí. Nígbà tí ẹ kò bá fún bíréèkì, ó gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, kí òróró lè sọ̀ kalẹ̀ bí pádì bá ti ń jẹ, kí ó sì lè gòkè padà bí ooru bá mú un fẹ̀. Bí ẹ bá fún un, rọ́bà iwájú yóò kọjá ihò náà, ìgbà yẹn ni òróró kò ní ibòmíràn tí yóò sá sí ju kí ó lọ ti pádì. Nítorí náà, bí pístìnì kò bá padà dé ẹ̀yìn pátápátá, ihò náà yóò wà ní dídí, pádì yóò máa ha dísìkì, ooru yóò mú kí òróró tún fẹ̀ sí i, bíréèkì yóò sì di ara rẹ̀ mú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún un.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èyí àkọ́kọ́ tí mo tú gan-an nìyẹn. Mo fi pẹtiróò wẹ gbogbo inú rẹ̀, nítorí pé pẹtiróò ni mo ti ń rí lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì láti kékeré. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, rọ́bà ti wú. Pístìnì tí ó ń yọ̀ wọlé wọ́ọ́rọ́ lánàá wá ń há, mo sì ní láti fi ìka tì í kí ó tó padà. Oríṣi òróró bíréèkì méjì ni wọ́n sábà máa ń lò fún kẹ̀kẹ́: DOT (bíi DOT 4 àti DOT 5.1) àti mineral. Rọ́bà tí wọ́n ṣe fún òróró DOT kì í bá pẹtiróò gbé, kì í sì í bá òróró mineral gbé. Bákan náà ni rọ́bà tí wọ́n ṣe fún mineral yóò bàjẹ́ bí DOT bá kàn án. Nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe bíréèkì kẹ̀kẹ́, Shimano àti Magura ń lo mineral. Hope ń lo DOT. SRAM lo DOT fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú tiwọn, ṣùgbọ́n àwọn tuntun kan wà tí ó jẹ́ mineral. Ara ìdérí ìkòkò òróró tàbí ara ọwọ́ bíréèkì fúnra rẹ̀ ni ẹ ó ti rí i kà. Ẹ má ṣe gba ti ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. DOT 5 pàápàá kì í ṣe DOT 5.1: òróró silicone ni DOT 5, kò sì gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ àwọn yòókù.

Ti èkejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wá rọ́bà lọ sí Ládípọ̀, mo rìn ín títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, gbogbo rọ́bà bíréèkì ọkọ̀ tí wọ́n kó jáde fún mi ló tóbi ju tiwa lọ. Mo wá ra rọ́bà òrùka lásán tí ó ṣe déédéé pẹ̀lú ihò náà, mo fi í sí ipò rọ́bà iwájú. Ó di òróró mú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí Afárá Carter sí ọ̀nà Ìdúmọ̀tà, dáńfó kan dúró lójijì níwájú mi láti já èrò. Mo fún bíréèkì iwájú, ó sì lọ kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó so mọ́ ọn. Bíréèkì ẹ̀yìn nìkan ni ó gbà mí, taya sì ń fà gẹ̀rẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀dà títí mo fi fi ọwọ́ gbá ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Láti ọjọ́ yẹn, rọ́bà tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe bíréèkì bá ṣe fún un nìkan ni mo ń lò. Hope àti SRAM ń ta ohun inú ọwọ́ bíréèkì wọn lọ́tọ̀. Shimano kì í tà á. Bí tiyín bá jẹ́ Shimano, àwọn mẹkáníìkì yẹn kò parọ́ fún yín, òmíràn ni kí ẹ rà.

Bí ẹ bá ti rí rọ́bà rẹ̀, ẹ yọ táyà àti pádì kúrò, kí ẹ ki nǹkan líle sí àárín ibi tí pádì wà kí ẹnikẹ́ni má baà fún bíréèkì kí pístìnì ìsàlẹ̀, èyí tí ó ń ti pádì, sì fò jáde. Ẹ da òróró inú rẹ̀ nù, ẹ tú hóòsì, ẹ yọ irin tí ọwọ́ bíréèkì ń yí lé lórí. Òrùka irin kan ni ó sé pístìnì mọ́ inú, ó ní ojú ihò méjì, pílásì ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe fún un ni ẹ ó fi yọ ọ́. Ẹ má fi síkúrúdíráfà họ ọ́. Ẹ fi ọwọ́ bo ẹnu ihò, nítorí sípíríǹgì wà nínú lọ́hùn-ún tí ó ń ti pístìnì síta.

Ibi tí ẹ ó ti ní sùúrù jù lọ nìyí. Ẹ tan iná sínú ihò náà kí ẹ wò ó. Afẹ́fẹ́ Èkó lómi, afẹ́fẹ́ ọ̀sà sì níyọ̀, òróró DOT a sì máa fa omi mọ́ra. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230°C, ṣùgbọ́n bí omi inú rẹ̀ bá ti tó 3.7%, ìwọ̀n tí wọ́n ń béèrè kò ju 155°C lọ. Ní tèmi, kì í ṣe híhó ni ó ń bá wa jà ní Èkó, torí a kò ní òkè gíga. Omi tí ó jókòó sínú rẹ̀ tí ó sì ń jẹ irin ni. Nínú ọ̀kan tí mo tú, mo bá ìyẹ̀fun funfun lára ògiri ihò, ojú irin sì ti di kúrukùru lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi èékánná yẹ ògiri náà wò: bí èékánná bá kọ́, rọ́bà tuntun kò ní ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá ń dán, ẹ fi isopropyl alcohol àti aṣọ tí kì í já fọ̀n-ín-fọ̀n-ín nù ún. Mo máa ń rí i rà lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta oògùn ní Ìdúmọ̀tà.

Ẹ fi òróró tuntun tí bíréèkì náà ń lò pa rọ́bà lára kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Rọ́bà iwájú ní ètè bíi ti ife, ètè náà sì gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí òróró ń gbà lọ sí hóòsì, nítorí pé agbára òróró ni ó ń ṣí ètè náà mọ́ ògiri. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn, kò ní di nǹkan kan mú. Ẹ tì í wọlé pẹ̀lú ìka, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń kọjá ihò tíńtín yẹn, torí etí ihò náà lè gé e.

Fífa afẹ́fẹ́ jáde kò yàtọ̀ sí bí àwọn mẹkáníìkì yín ti ṣe é: sírínjì méjì, kí òróró ti ìsàlẹ̀ gòkè. Ìgò DOT tí kò tíì ṣí ni kí ẹ rà, kékeré sì ni. Bí DOT bá kán sí ọ̀dà kẹ̀kẹ́, ẹ tètè fi omi ṣàn án. Bí òróró èyíkéyìí bá kan pádì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wá fi rọ́bà inú táyà so ọwọ́ bíréèkì náà mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́jú. Ní òwúrọ̀, bí ó bá ṣì le bí ẹ ṣe so ó, ẹ gbé e jáde, ṣùgbọ́n àdúgbò ni kí ẹ kọ́kọ́ gùn ún yí ká, kì í ṣe orí afárá.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya àwòrán ìdérí ìkòkò òróró náà àti ohun tí ó wà ní kíkọ lára rẹ̀, kí n lè wò ó bóyá wọ́n ń ta rọ́bà rẹ̀ kí ẹ tó tú u. Pílásì ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ náà wà lọ́wọ́ mi ní Èbúté-Mẹ́ta; bí ẹ bá fẹ́ yá a, ọjọ́ Sátidé dára fún mi.